Nígbà Tí Sódà Wọ Inú Ìkòkò Aró

Bí a bá wí pé “aró” lónìí, kò dá mi lójú pé ohun tí àwọn ìyá wa àtijọ́ ń pè bẹ́ẹ̀ ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Láti ara ewé èlú ni aró ti ń wá. Wọn a gún ewé náà, wọn a ṣù ú, wọn a sì sá a sí oòrùn. Omi eérú ni wọ́n ń sẹ́ lé e lórí nínú ìkòkò, ọjọ́ mélòó kan ni yóò sì fi kan kí ó tó ṣeé rẹ aṣọ sí. Ìyá Màpó ni aláró ń bẹ̀ kí ìkòkò má bàjẹ́.

Ní 1897, àwọn ará Jámánì gbé aró tí a fi kẹ́míkà ṣe dé ọjà. Ohun kan náà ni òun àti ti èlú nínú ẹ̀dá wọn. Ewu rẹ̀ wà lára ohun tí a fi ń yọ́ ọ. Aró kì í yọ́ nínú omi lásán. Sódà àti hydrosulphite, tí ó funfun bí iyọ̀, a máa fi nǹkan bí wákàtí kan ṣe iṣẹ́ tí ìkòkò ń fi ọjọ́ ṣe. Ta ni kò ní fẹ́ ẹ?

Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin dè é ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin aláró sì fárí gá. Ní 1936, ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lórí ọ̀ràn náà. Wọ́n ní sódà ń ba aṣọ jẹ́. Lójú tèmi, ọwọ́ aláró ni ìbá ṣáájú aṣọ: sódà ń jó awọ ara, bí ó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ. Bí omi díẹ̀ bá kan hydrosulphite nínú àpò, ó lè gbiná, èéfín rẹ̀ a sì máa fún ènìyàn láyà.

Àwọn àwọ̀ tí a ń fi ọ̀dà èédú ṣe tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn ibà ni William Perkin ń wá ní 1856 tí ó fi ṣèèṣì rí àwọ̀ àlùkò. Nígbà tí ó di 1895, dókítà Ludwig Rehn ní Frankfurt kéde pé kókó ń yọ nínú àpòòtọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣe irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2002 ni Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù de àwọn àwọ̀ azo tí ó lè tú èròjà jẹjẹrẹ sílẹ̀ lára aṣọ.

Ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, a ṣì ń sọ pé a “pa aṣọ láró”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sódà ni ọ̀pọ̀ ń lò, tí ike sì ti gba ipò ìkòkò.