Òkun àti Ìlú Keta

Kumasi jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ẹja wẹẹrẹ tí gbogbo Ghana mọ̀ sí “Keta school boys” kò ṣàjèjì ní ọjà rẹ̀. Orí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òkun àti ọ̀sà ni Keta tí wọ́n fi sọ ẹja náà lórúkọ wà.

Ní ọdún 1784 àwọn ará Denmark kọ́ odi Prinzenstein síbẹ̀; inú rẹ̀ ni a ti há ọ̀pọ̀ ẹrú mọ́. Ní ọdún 1980 òkun wó èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun méjì ló mú un le sí i. Ìsédò Akosombo, tí a parí ní 1965, ń dá yanrìn tí odò Volta ń gbé wá sí etíkun dúró. Èkejì, ayé ń gbóná: yìnyín ń yọ́, omi òkun sì ń wú. Láàárín 1901 sí 2018, òkun ayé ga sí i ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà.

Ìjọba parí iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun Keta ní 2004. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìgbì òkun lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé ní agbègbè náà.

Bí Keta bá lọ, omi kò ní dé Kumasi, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, ẹrù gbogbo orílẹ̀-èdè ni etíkun, kì í ṣe ti apẹja nìkan.