Ìjàpá Tó Ń Jò

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní òun fẹ́ ìjàpá. Kì í ṣe ìjàpá inú àlọ́ o, èyí tí òun lè gbé sùn ni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo sì wà lára àwọn tó gbà pé kò sí ohun téèyàn ò lè rí kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wá bátànì ìjàpá kíróṣè kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, mo ra wúùlù àti ìkọ́ lọ́jà Ìkọ̀tún, mo sì tú ìrọ̀rí àtijọ́ kan fún òwú tí màá kì sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ ní Ìjẹ̀gùn, tí kọ̀ǹpútà mi kú, ìkọ́ ni mò ń gbé.

Ẹni tó bá ti kọ kóòdù rí á fẹ́ràn bátànì kíróṣè. Ẹ ó fi ìkọ́ fa òwú kọjá nínú òwú. Ohun tó bá so yẹn ni mò ń pè ní ojú kan. Ìyípo àkọ́kọ́, ojú 6. Ìyípo kejì, ẹ hun méjì-méjì sínú ojú kọ̀ọ̀kan, ó di 12. Ìkẹta 18, ìkẹrin 24. Bí ẹ bá ṣì ń fi 6 kún un, á máa tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Bí ẹ bá ṣíwọ́ àfikún, etí rẹ̀ á dìde, á di igbá. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín 6 kù, igbá á pa ẹnu dé. Lúùpù lásán ni.

Àmọ́ nígbà tí mo parí, ihò-ihò ni gbogbo ara ìjàpá mi. Òwú ìrọ̀rí ń yọ jáde níkùn rẹ̀. Mo ka bátànì náà ní àkàtúnkà, mi ò rí àṣìṣe kankan. "Double" ni bátànì wí, "double" ni mo hun, gẹ́gẹ́ bí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan ṣe kọ́ mi nínú fídíò.

Màámi wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n yí ìjàpá náà síwá sẹ́yìn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún ẹ pé double nìyí? Treble lo hun."

Mo ní kí wọ́n wo fídíò. Wọ́n ní àwọn ò wo fídíò kankan, pé Modern School ni àwọn ti kọ́ ọ, ní Ìjẹ̀bú-Òde, láwọn ọdún 1970.

Màámi ló gba. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double, òun làwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní single. Treble àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni double ti Amẹ́ríkà. Ará Ìlú Ọba ló kọ bátànì mi, ará Amẹ́ríkà ló ṣe fídíò. Orúkọ kan náà, ojú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan kúkúrú, ó ki, èkejì ga, ó ń fi ihò sílẹ̀.

Báwo wá ni orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì sọ ojú òwú ṣe dé ẹnu ìyá Ìjẹ̀bú?

Bátànì kíróṣè ò pẹ́ púpọ̀ nínú ìwé. Lára àwọn àkọ́kọ́ tá a mọ̀ ni èyí tó jáde nínú Penélopé, ìwé ìròyìn kan ní Netherlands, lọ́dún 1823. Láwọn ọdún 1840, Eléonore Riego de la Branchardière ń tẹ ìwé bátànì jáde ní Ìlú Ọba. Àárín ìgbà yẹn náà ni ọ̀dùnkún jẹrà ní Ireland, láti 1845, tí ìyàn ńlá sì mú. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà kọ́ àwọn obìnrin àtọmọdé ní kíróṣè, wọ́n ń hun léèsì tà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló rí oúnjẹ jẹ nídìí ìkọ́ kékeré yẹn.

Láyé ìgbà yẹn kan náà, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà lára ohun tí àwọn míṣọ́nárì gbà pé ó yẹ kí ọmọbìnrin mọ̀. Anna Hinderer dé Ìbàdàn lọ́dún 1853, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé àti ìránṣọ. Lọ́dún 1869, CMS dá ilé-ìwé àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Èkó. Kì í ṣe pé a ò mọ òwú tẹ́lẹ̀: sányán, àlàárì, ẹtù, èdè Yorùbá la fi ń pè wọ́n. Àmọ́ kíróṣè bá ilé-ìwé wọlé, ó sì gbé èdè ilé-ìwé dání. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tó hun gbogbo aṣọ funfun tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀yìn àga ilé wa fi ń ka ojú òwú ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ìjàpá tèmi wá gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ará Japan ló ń pe irú ère kékeré bẹ́ẹ̀ ní amigurumi: ami ni híhun, nuigurumi ni ère onísọ tí wọ́n ki nǹkan sínú. Íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e káyé. Lọ́dún 2007, Jessica àti Cassidy Forbes dá Ravelry sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pín bátànì lọ́fẹ̀ẹ́. Cassidy yìí, ẹni tó ń kọ kóòdù bíi tèmi ni.

Mo bi Màámi pé níbo ni bátànì aṣọ ẹ̀yìn àga wọn wà. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi. A jókòó, wọ́n ń hun, mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí la máa pe double àti treble, kó má baà tún da ẹnikẹ́ni láàmú. Wọn ò rò ó rárá: "Ojú kúkúrú. Ojú gíga."

A dé ìlà kẹsàn-án, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n tú u, wọ́n tún un hun, wọ́n tún tú u. Aṣọ tí à bá wò ti gbó, a ti kó o dànù nígbà tá a ń kó wá sí Ìjẹ̀gùn. Olùkọ́ tó kọ́ wọn ti kú. Ilé-iṣẹ́ ń fi ẹ̀rọ hun súwẹ́tà, àmọ́ ọwọ́ èèyàn ló ń hun kíróṣè. Ohun tí ọwọ́ bá gbàgbé, kò sí bákọ́ọ̀pù.

Mo ti gbé bátànì náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́, ní Yorùbá. Mo fi ìlà kẹsàn-án sílẹ̀ lófìfo. Bí ìyá tàbí ìyá àgbà yín bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n lónìí.

Ìjàpá kejì ò jò. Ojú kúkúrú ni mo fi hun ún látòkè délẹ̀.