Bí Àwọn Sàró Èkó Ṣe Padà Sí Orúkọ Ilé

Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ Ilé wó lulẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan, àìmọye ènìyàn sì di ẹrú tí wọ́n ń tà sí òkè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé Bàhíà ní Brazil, àwọn mìíràn dé Kúbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá bá nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró (Sierra Leone). Àjàyí ọmọ Òṣoògùn wà lára wọn. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, ó di Samuel Crowther.

Nílé, Ẹ̀gbá ni Ẹ̀gbá ń jẹ́, Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n sì ń bá ara wọn jà. Ní Freetown, níbi tí wọ́n ti wà láàrin onírúurú ẹ̀yà, èdè wọn ni ó kó wọn pọ̀. Àwọn aládùúgbò wọn tí ń gbọ́ “ẹ kú” lẹ́nu wọn tọ̀sán-tòru sọ wọ́n ní Akú. Ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 sì wà lára ohun tí ó mú kí orúkọ Yorùbá, tí ó jẹ́ ti àwọn Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀, kárí gbogbo wọn. Èrò pé ọmọ baba kan náà ni gbogbo àwọn tí ń sọ èdè yìí, ìgbèkùn ni ó ti kọ́kọ́ rinlẹ̀. Kò pa ti ìlú ẹni rẹ́ o: nígbà ogun Kírìjì tó jà lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ni ó ń fi ìbọn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ogun Èkìtì Parapọ̀ láti bá Ìbàdàn jà.

Láti nǹkan bí ọdún 1838 ni àwọn ará Freetown wọ̀nyí ti ń padà wálé, sí Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta àti Èkó; àwọn ni wọ́n ń pè ní Sàró. Crowther dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó sì tún fojú kan ìyá rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, àwọn Sàró di akọ̀wé, oníṣòwò ńlá, àlùfáà, agbẹjọ́rò àti dókítà. Kóòtù àti fìlà gíga ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ ọmọ. Wọ́n gbàgbọ́ pé ẹni tó bá kàwé tó sì gba Jésù, àwọ̀ ara kò ní dí i lọ́wọ́. Ìgbàgbọ́ náà ní ìdí, nítorí ní 1864 ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury.

Nígbà tó fi máa di 1890, nǹkan ti yí padà. Ẹ̀kọ́ pé ẹ̀yà funfun ga ju ẹ̀yà dúdú lọ ti gbilẹ̀ ní Yúróòpù, àwọn òyìnbó sì ń pọ̀ sí i ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún náà ni àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ Crowther lódò Ọya, wọ́n lé ọ̀pọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú arúgbó náà. Ó kú ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ìwà ìkà ni, àwọn Sàró kò sì gbàgbé rẹ̀. Ní 1902, ìjọba dá ẹgbẹ́ dókítà kan sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọn kò jẹ́ kí dókítà aláwọ̀ dúdú wọ̀, bó ti wù kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó.

Ibi tí wọ́n ti tì wọ́n síta ni wọ́n ti yíjú sílé. Edward Blyden, ọmọ erékùṣù St. Thomas tí ó di ará Làìbéríà, wá sí Èkó ní ìparí 1890, ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ní 1891, United Native African Church bẹ̀rẹ̀. James Johnson, àlùfáà ìjọ Breadfruit ní Èkó, kọ̀ láti fi orúkọ òyìnbó ṣe ìrìbọmi fún ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò pààrọ̀ tirẹ̀. Àwọn mìíràn pààrọ̀ tiwọn: Jacob Henry Samuel di Adegboyega Edun. Ní Freetown, William Davies, tí àwọn òbí Yorùbá bí ní Demerara, ti di Orishatukeh Faduma láti 1887.

Ẹni tí ó lọ jìnnà jù ni David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n bí sí Iléṣà ní 1860. Ní 1894, ó di Mojola Agbebi, ó sì pa aṣọ òyìnbó tì. Aṣọ Yorùbá ni ó ń wọ̀ kódà ní òkè òkun. Ní 1911 ó wà lára àwọn tó lọ sí àpérò àgbáyé lórí ẹ̀yà ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò fi ẹ̀sìn Kristi sílẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé aṣọ, orúkọ àti orin òyìnbó kì í ṣe ara ìyìn rere. Lójú mi, kò sẹ́ni tó ro ọ̀rọ̀ náà já tó o nígbà ayé rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tí wọ́n bí ní Sàró, gba ọ̀nà mìíràn: ó ń gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni ó tó jáde, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò sọ ibi tí ènìyàn dúró sí. Edmund Macaulay pa orúkọ rẹ̀ dà sí Kitoyi Ajasa, síbẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìròyìn rẹ̀, Nigerian Pioneer, tí ó dá sílẹ̀ ní 1914, ń gbè lẹ́yìn. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Crowther, di orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mú títí ó fi kú, òun ni ó sì gbèjà Ọba Èṣúgbàyí, Elékòó ti Èkó, òun ni ó bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọ́n jàre rẹ̀ ní 1921, òun náà ni ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Ní 1928, ọba Gẹ̀ẹ́sì fi Ajasa joyè Sir. Ní ọdún náà gan-an ni ilé ẹjọ́ ìjọba amúnisìn rán Macaulay lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ kọ lórí ọ̀rọ̀ Elékòó.