Ìkéde Tí Kò Dé Etí: Ìtàn Ìkéde Inú Fóònù Android, 2008 sí 2024



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ dá lórí ohun kékeré kan tí ó lè di ohun ńlá. Ẹ jẹ́ kí a mú áàpù kan tí ń rán aláìsàn létí láti lo oògùn. Aláìsàn náà ti fi àkókò sí i: aago 6 òwúrọ̀ àti aago 6 ìrọ̀lẹ́. Lóru, bátìrì fóònù kú. Nígbà tí iná dé, ẹnì kan fi fóònù náà sí ṣáàjì, ó sì tàn án padà. Aago 6 òwúrọ̀ lù, áàpù kò fọhùn. Fóònù ń ṣiṣẹ́, áàpù wà ní ipò rẹ̀, àkókò tí a kọ sínú rẹ̀ kò parẹ́. Síbẹ̀, aláìsàn kò rántí oògùn rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Áàpù kì í fúnra rẹ̀ ṣọ́ aago. Ó máa ń bẹ Android, ètò àgbà tí ń darí fóònù, pé kí ó bá òun ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ti kú, gbogbo irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ parẹ́. Nígbà tí fóònù bá jí, Android a ṣe ìkéde kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BOOT_COMPLETED, ìyẹn ni pé ‘mo ti jí tán’. Áàpù tí ó bá gbọ́ ìkéde yìí ni yóò tún ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bẹ̀. Èyí tí kò gbọ́ yóò dákẹ́ títí ẹni tí ó ni fóònù yóò fi ṣí i.

Àwọn ènìyàn a máa pe irú ìdákẹ́ yìí ní àbùkù. Èrò tèmi ni pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe àbùkù rárá. Òfin ni, òfin náà sì ní ọdún tí wọ́n ṣe é, ó ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí áàpù kan kò fi gbọ́ ìkéde níláti jẹ́ òpìtàn díẹ̀.

1. Akéde ìlú àti akéde fóònù

Ní àwọn ìlú wa láyé àtijọ́, bí ọba àti àwọn ìjòyè bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan, akéde ni yóò gbé agogo, tí yóò máa lù ú láti àdúgbò dé àdúgbò. Akéde kò mọ orúkọ gbogbo ẹni tí yóò gbọ́ ọ, kò sì dúró gba èsì. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni Android ń ṣe. Bí a bá fi fóònù sí ṣáàjì, bí bátìrì bá fẹ́ tán, bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, bí a bá yí èdè fóònù padà, Android a kéde rẹ̀ fún àwọn áàpù.

Ọ̀nà méjì ni áàpù lè gbà forúkọ sílẹ̀ láti gbọ́. Ọ̀nà kìíní ni pé kí a kọ orúkọ ìkéde náà sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ń bá áàpù rìn, èyí tí a ń pè ní AndroidManifest.xml. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àní bí áàpù bá ń sùn, Android yóò jí i. Ọ̀nà kejì ni pé kí áàpù, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bèèrè pé kí wọ́n máa sọ fún òun. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí, ẹ̀tọ́ náà parí. Àwọn ìkéde kan wà tí ọ̀nà kejì nìkan ni a lè gbà gbọ́ wọn. Lára wọn ni TIME_TICK tí ń kéde ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àti BATTERY_CHANGED tí ń sọ ipò bátìrì. Ẹni tí ó bá kọ wọ́n sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ yóò dúró títí, kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín akéde méjèèjì, orí ìyàtọ̀ yìí sì ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Nínú ìlú, ẹni tí ó gbọ́ agogo ni ó ń fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Kò ná ẹlòmíràn ní nǹkan kan. Nínú fóònù, áàpù tí a jí níláti gba àyè nínú ìrántí fóònù, kí ó sì jẹ nínú bátìrì. Ẹni tí ó ni fóònù ni ó ń san owó etí tí gbogbo áàpù fi ń gbọ́.

2. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀

Ní ọdún 2008 ni fóònù Android àkọ́kọ́, HTC Dream, dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Mẹ́gábáìtì 192 péré ni àyè ìrántí rẹ̀. Ní ìgbà náà, òfin tí ó de ìgbọ́ràn kò pọ̀. Áàpù tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí fóònù lè máa gbọ́ ìkéde kí ẹni tí ó ni ín tó ṣí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òmìnira yìí wúlò, ṣùgbọ́n ó ní ewu. Áàpù tí ń ṣe iṣẹ́ ibi lè fi ara pamọ́, kí ó máa dúró de ìkéde ‘mo ti jí tán’, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ní ọdún 2011, ẹ̀dà 3.1 yí èyí padà. Láti ìgbà náà, áàpù tí a kò tíì ṣí rí, tàbí tí ẹni tí ó ni fóònù fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá dúró láti inú ètò fóònù, wà ní ipò ìdádúró, ìkéde Android kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí kò tíì wọ ìlú: akéde kò lè dé ilé tí kò sí.

Ní ọdún 2013, ẹ̀dà 4.4 dé pẹ̀lú ète pé kí Android lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí fóònù tí àyè ìrántí rẹ̀ kò ju mẹ́gábáìtì 512 lọ. Ète yìí kan ilẹ̀ wa gidigidi, nítorí fóònù olówó pọ́ọ́kú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rà. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè tí a ń bi áàpù ti ń yí padà, láti orí ‘kí ni ìwọ lè ṣe?’ sí orí ‘èló ni ìwọ yóò ná wa?’

Ní ọdún 2015, ẹ̀dà 6.0 fi ohun méjì kún un. Èkíní, àwọn ìyọ̀ǹda tí ó kan àṣírí ẹni, bí i gbígbọ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, kò tó kí a kọ wọ́n sínú ìwé mọ́. Ẹni tí ó ni fóònù níláti fọwọ́ sí i nígbà tí áàpù bá bèèrè. Èkejì, fóònù tí a gbé kalẹ̀ tí a kò fọwọ́ kàn fún ìgbà pípẹ́ yóò wọ inú oorun tí a ń pè ní Doze. Nínú oorun yìí, áàpù lè gbọ́ ìkéde, kí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ má sì sí ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Ẹni tí ń wá àbùkù níláti mọ ìyàtọ̀ láàárín áàpù tí kò gbọ́ àti áàpù tí ó gbọ́ ṣùgbọ́n tí a de ọwọ́ rẹ̀.

3. Ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn

Ìkéde kan ni ó fa ìtìlẹ̀kùn náà ju àwọn yòókù lọ: èyí tí ń sọ pé ipò íntánẹ́ẹ̀tì ti yí padà. Bí ènìyàn bá jáde nílé, tí fóònù rẹ̀ kúrò lórí Wi-Fi bọ́ sórí dátà, gbogbo áàpù tí ó forúkọ sílẹ̀ yóò jí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn yóò máa du àyè ìrántí mọ́ ara wọn lọ́wọ́, fóònù yóò lọ́ra, bátìrì yóò máa lọ. Ní ọdún 2016, ẹ̀dà 7.0 pàṣẹ pé áàpù tí a kọ fún un kò ní gbọ́ ìkéde yìí nípasẹ̀ ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́. Ó sì dá ìkéde àwòrán tuntun àti fídíò tuntun dúró pátápátá.

Ní ọdún 2017, ẹ̀dà 8.0 sọ àkànṣe òfin náà di òfin gbogbogbòò. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ìkéde tí wọ́n dárúkọ, lára èyí tí BOOT_COMPLETED wà, áàpù tí a kọ fún ẹ̀dà yìí kò lè fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ gbọ́ ìkéde tí a kò darí sí i ní tààrà. Ọ̀pọ̀ áàpù kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ òfin náà nítorí pé ẹ̀dà àtijọ́ ni wọ́n kéde pé a kọ àwọn fún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, Google pàṣẹ pé áàpù tuntun àti àtúnṣe áàpù àtijọ́ tí yóò wọ ọjà Play níláti bá ẹ̀dà 8.0 mu. Báyìí ni kóòdù tí ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mélòó kan ṣe dákẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ìlà kan padà nínú apá tí ń gbọ́ ìkéde. Nọ́ńbà ẹ̀dà nìkan ni ó yí.

Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni iṣẹ́ àfisílẹ̀. Dípò kí áàpù sọ pé ‘ẹ jí mi bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé’, yóò sọ pé ‘iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n ṣe é nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà’. JobScheduler ti ń ṣe èyí láti ẹ̀dà 5.0 ní ọdún 2014. Áàpù ń sọ ohun tí ó fẹ́. Android ni ó ń yan àsìkò.

Òfin kò dúró níbẹ̀. Ní ọdún 2021, ẹ̀dà 12 ní kí olùgbọ́ tí ń retí ìkéde sọ gbangba nínú ìwé bóyá áàpù mìíràn lè ránṣẹ́ sí i. Ní ọdún 2022, ẹ̀dà 13 sọ pé bí ẹni tí ó ni fóònù bá ti fi òté bátìrì de áàpù tí a kọ fún un, áàpù náà kò ní gbọ́ BOOT_COMPLETED títí nǹkan mìíràn yóò fi jí i. Ní ọdún 2023, ẹ̀dà 14 bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìkéde kan pamọ́ fún áàpù tí ó wà ní ìpamọ́, kí ó lè gbọ́ wọn nígbà tí ó bá padà síṣẹ́. Ní ọdún 2024, ẹ̀dà 15 fún áàpù tí ó kúrò ní ipò ìdádúró ní BOOT_COMPLETED, kí ó lè tún ètò rẹ̀ tò.

4. Bí a ṣe ń wá ìdí ìdákẹ́

Bí a bá ti mọ ìtàn yìí, ìwádìí yóò tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí a fi áàpù oògùn wa ṣe àpẹẹrẹ. Ìbéèrè kìíní: ṣé a ti ṣí áàpù náà rí, ṣé ẹnikẹ́ni kò sì dá a dúró? Òfin 2011 ni. Ìkejì: ṣé ìyọ̀ǹda RECEIVE_BOOT_COMPLETED wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀? Bí kò bá sí, ìkéde kò ní dé ibẹ̀. Ìkẹta: ṣé òté bátìrì wà lórí rẹ̀? Òfin 2022 ni.

Ìbéèrè kẹrin ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ṣé ẹni tí ó ni fóònù ti ṣí àgádágodo ojú fóònù lẹ́yìn tí ó jí? Láti ẹ̀dà 7.0, lórí fóònù tí ó bá ń lo ìlànà ìpamọ́ tuntun, BOOT_COMPLETED kì í dún títí a ó fi ṣí i. Ìkéde mìíràn, LOCKED_BOOT_COMPLETED, ni ó ń ṣáájú, áàpù tí ó bá sì múra sílẹ̀ fún un nìkan ni yóò gbọ́. Fóònù aláìsàn wa jí lóru, ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i kí aago 6 tó lù. Èyí nìkan tó láti mú áàpù náà dákẹ́.

Fún ìkéde mìíràn, kí a bèèrè bóyá ó wà lára àwọn tí òfin 2017 yọ sílẹ̀. Bí kò bá sí lára wọn, ìwé àkọsílẹ̀ fóònù, tí a ń pè ní logcat, yóò máa sọ pé ‘Background execution not allowed’. Android ti sọ ìdí rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ẹni tí ó ni fóònù kì í dé ni ó ti sọ ọ́.

5. Ìdájọ́

Níbi yìí ni mo fẹ́ sọ èrò mi. Mo gbà pé òfin wọ̀nyí tọ́ ní ìpìlẹ̀. Níbi tí iná mànàmáná kò dúró lójú kan, bátìrì kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ, kò sì yẹ kí áàpù tí a gbàgbé máa jẹ ẹ́. Ohun tí kò tọ́ ni pé ẹni tí ó san owó náà kì í mọ ìgbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ fún un, kì í sì í mọ ìgbà tí wọ́n fi etí áàpù rẹ̀ san án. Àwọn tí ń ṣe fóònù tún máa ń fi òté tiwọn kún ti Android, ó sì yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ dé ilé-iṣẹ́. Bí fóònù bá máa di áàpù oògùn létí, ó yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn ní èdè tí yóò yé e.

Ẹ̀yin tí ń kọ áàpù, ẹ má ṣe gbé ẹ̀mí ènìyàn lé ìkéde kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí áàpù yẹ ètò rẹ̀ wò nígbàkúùgbà tí a bá ṣí i. Àwa olùkọ́ pẹ̀lú ní iṣẹ́ láti ṣe. Ìwé tí wọ́n kọ ṣáájú ọdún 2017 ṣì wà lórí pẹpẹ ìwé, ohun tí ó sọ nípa ìkéde sì tọ̀nà fún ìgbà tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dà á kọ lónìí kò ní rí àṣìṣe kan lójú, kò sì ní gbọ́ ìkéde. Ẹ jẹ́ kí a máa kọ ọdún òfin sí ẹ̀gbẹ́ òfin nígbà tí a bá ń kọ́ ọ, kí ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí.