Ẹ̀kọ́ Yorùbá ní Yunifásítì: Gbèsè tí Ilé Jẹ Oko

Ní ọdún tí mo gba ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì, inú oko kòkó ni mo ti lọ bá bàbá mi, ní abúlé wa tí ó wà lẹ́yìn Lálúpọn, láti fi ìwé náà hàn án. Bàbá mi kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó gba ìwé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó sì bi mí pé kín ni wọ́n ní kí n wá kọ́. Mo ní Yorùbá ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi oríkì mi pè mí, ó ní: “Ṣé èmi yóò wá ta kòkó kí o lè lọ kọ́ ohun tí ìyá rẹ ti kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́?”

N kò rí èsì fọ̀. Kì í sì í ṣe bàbá mi nìkan ni ó ń béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Títí di òní olónìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń sọ fún mi pé ará àdúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àti pé ẹ̀kọ́ òfin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ yàn kí wọ́n tó bá ara wọn ní kíláàsì Yorùbá. Ìbéèrè bàbá mi tó ohun tí a ń fi ìtàn dáhùn, ìdáhùn náà ni mo sì fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ níhìn-ín.

Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn yóò mọ̀ pé ìlú náà ní ilé, ó sì ní oko. Ìgboro ni agboolé wà. Níbẹ̀ ni a ti ń ṣe ìyàwó, tí a ti ń jẹ oyè, tí a sì ti ń sìnkú. Ṣùgbọ́n oko ni oúnjẹ àti owó ti ń wá. Àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó wà ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ìdílé tí ó ní agboolé nígboro ni ó tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn dó. Ọmọ Ìbàdàn kì í gbà pé oko ni òun ń gbé. Oko ni ó ‘lọ’, ì báà ti lo ogójì ọdún níbẹ̀. Tí a bá sì fẹ́ bú ènìyàn nígboro, ‘ará oko’ ni a ó pè é.

Bẹ́ẹ̀, oko yìí gan-an ni èdè ti fìdí múlẹ̀. Níbẹ̀ ni ọdẹ ti ń sun ìjálá tí ó ń ki ẹranko àti igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ẹkún ìyàwó lẹ́nu ọmọbìnrin tí ó ń lọ ilé ọkọ, àti oríkì lẹ́nu ìyá àgbà láàárọ̀. Àgbẹ̀ mọ orúkọ koríko tí ọmọ ìgboro kàn ń pè ní koríko lásán.

Kì í ṣe oko ni kíkọ Yorùbá sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ni ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí ó sì tún tẹ ìwé gírámà jáde ní 1852. Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, tí wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn àti ilé-ìwé sí Kúdẹtì. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, a sì dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Andérù Mímọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Ohun tí àwọn ará ìgbà náà ń wá kò ṣòro mọ̀: kí ènìyàn lè ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kí tíṣà sì lè fi a, b, d lé ọmọdé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1911, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó wá di Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964, tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde. Yorùbá ni ó fi kọ ọ́. Ọmọ Ìbàdàn ti fi hàn pé èdè wa lè gbé ìtàn ìlú dúró kí ẹnikẹ́ni tó rò ó pé a lè fi gba oyè.

Nígbà tí ìjọba dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, inú ilé ìwòsàn àwọn ológun tí ó wà ní Ẹlẹ́yẹlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kó lọ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni a ń gbà níbẹ̀ títí di 1962. A ń kọ́ èdè Látìn, a ń kọ́ èdè Gíríìkì, a sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò sí lára ohun tí a lè fi gba oyè B.A. Ẹni tí ó bá jáde lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, tí ó kọrí sí Ọ̀jọ́ọ̀ àti Mọ́níyà, kò ní rìn jìnnà kí ó tó pàdé ọdẹ tí ó lè sun ìjálá láti alẹ́ mọ́jú. Inú ọgbà, ewì àwọn ará Róòmù ni a ń há sórí. N kò fi Látìn ṣẹ̀sín o. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò tíì gbà pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ọgbà náà tó ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà tí ó mú oko wọ yunifásítì ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé dé abúlé tí kò ní in rí. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, àwọn ìjọ ti kọ́ díẹ̀ sí oko. Ilé-ìwé Mẹ́tọ́díìsì ní Lábọ́dé ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti ka ìwé kí ó tó lọ sí Wesley College ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó dé Yunifásítì Ìbàdàn, èdè Faransé ni ó fi gba oyè àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó fi lítíréṣọ̀ Yorùbá gba oyè kejì ní Èkó. Ẹni tí ó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré-oníṣe tí a tẹ̀ jáde ní 1970 lórí Ìyálóde Ìbàdàn tí ó ní oko ńláńlá, Faransé ni ó gbà wọ ọ̀nà ìmọ̀ lítíréṣọ̀. Ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ fi ìtàn gbogbo wa hàn.

Láàárín 1960 sí 1980 ni Yorùbá di ohun tí a lè fi gba oyè àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀. Ifẹ̀ pàápàá, Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962 kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ní 1966, ìwé méjì jáde tí ó la ọ̀nà: Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lórí gírámà Yorùbá, Adébóyè Babalọlá sì kọ ìwé lórí ìjálá. Ní 1967 ni Babalọlá tún kó Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jọ. Wándé Abímbọ́lá tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ Ifá. Bí ọdẹ, babaláwo àti àwọn ìyá tí ó ń ki oríkì ṣe di olùkọ́ ní yunifásítì nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ wọ inú kíláàsì.

Ìṣòro tí ó kù ni èdè tí a ó fi kọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ àwọn ìwé tí ó jáde ní 1966 yẹn. Iṣẹ́ bàǹtàbanta ni àwọn onímọ̀ ṣe kí a tó lè sọ̀rọ̀ lórí èdè náà nínú èdè náà. Apá kìn-ín-ní ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde ní 1984, Bámgbóṣé ni olóòtú. Apá kejì jáde ní 1990, Ọládélé Awóbùlúyì ni olóòtú. Ní 1990 yìí kan náà ni Bámgbóṣé tẹ Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá jáde, ìwé tí a fi Yorùbá kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìran tèmi jẹ nínú èrè iṣẹ́ náà.

Owó iṣẹ́ yìí ńkọ́? Kòkó wà nínú rẹ̀. Owó kòkó ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbójú lé jù nígbà tí ó ń ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, òun náà ni ó sì dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀. Kí n tó mú ìwé mi tọ bàbá mi lọ, àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ta kòkó fún ẹ̀kọ́ mi. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí ìwé Babalọlá ṣì jẹ́ tuntun, àwọn àgbẹ̀ Àkànrán àti agbègbè rẹ̀ dìde nínú ìjà Agbẹ́kọ̀yà, Táfà Adéoyè sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n ní owó-orí pọ̀ jù, àti pé àwọn ń san án láìrí ọ̀nà tí ó dára tàbí ohun mìíràn gbà padà. Ọ̀rọ̀ owó-orí ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa onímọ̀ náà fetí sí i. Ilé ń kó láti oko. Kín ni ó ń dá padà?

Ní ọdún kejì mi ní yunifásítì, mo rò pé mo rí èsì díẹ̀ fún bàbá mi. A kọ́ wa ní àrànmọ́ fáwẹ̀lì. Mo sọ fún un nígbà ìsinmi pé tí ‘ará’ bá pàdé ‘ìlú’, ‘aráàlú’ ni a ń pè é: fáwẹ̀lì ìlú ti juwọ́ sílẹ̀ fún ti ará. Ṣùgbọ́n tí ‘ará’ bá pàdé ‘oko’, tí ẹnu sì yá, ‘aróoko’ ni a ń gbọ́: ará ni ó juwọ́ sílẹ̀, oko dúró gbọn-in. Bàbá mi pè é lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ ahọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Oko ni ó lágbára jù nígbà náà.” Mo ṣàlàyé pé fáwẹ̀lì i ni ó rọ̀ jù nínú fáwẹ̀lì wa, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko tàbí ìlú. Kò gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti bi mí ní ìbéèrè kòkó mọ́. Ó ti rí i pé ohun tí ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́, ó lè má mọ bí òun ṣe ń sọ ọ́.

Àwa nìkan kọ́ ni ó ní irú ìtàn báyìí. Ní ilẹ̀ Íńdíà, èdè Gujarati ní ju àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn tí ó ń sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba amúnisìn níbẹ̀ bí ó ti jẹ́ níhìn-ín. Ní 1920, Gandhi dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ ní Ahmedabad, Gujarat Vidyapith, níbi tí Gujarati ti jẹ́ èdè ẹ̀kọ́; èdè náà ni ó sì fi kọ ìtàn ìgbésí-ayé ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi Gujarati gba B.A. lónìí náà lè gbọ́ ìbéèrè bàbá mi nílé. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan lẹ́yìn tí àwa kò ní: kì í ṣe kíláàsì èdè nìkan ni èdè rẹ̀ ti wúlò. A ń fi Gujarati kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ibẹ̀.

Níhìn-ín ńkọ́? Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ náà ni ó tún fagi lé e, tí ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Ẹni tí ó sì fẹ́ kọ́ Yorùbá ní yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la Gẹ̀ẹ́sì kọjá nínú ìdánwò. Mo mọ ọmọbìnrin kan láti abúlé kan ní ọ̀nà Àkànrán, tí ó gbọ́ ẹkún ìyàwó lẹ́nu ìyá rẹ̀ débi pé ó lè sun ún láìsinmi. Ọdún mẹ́ta ni yunifásítì kan fi dá a padà nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

N kò lè dá ìjọba nìkan lẹ́bi. Ní 1992, mo lọ gba ìjálá sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi ní abúlé kan lápá Ìjàyè, ní Akínyẹlé. Bàbá ọdẹ tí ó sun ún fún wa bi mí nígbà tí mo ń palẹ̀ ẹ̀rọ mọ́ pé: “Ohun tí ẹ ń kó lọ yìí, ọjọ́ wo ni ẹ ó kó o padà?” Mo ní kò ní pẹ́. Mo gba oyè tí mo fẹ́ gbà, mo tún gba òmíràn. Káséètì náà wà nínú àpótí lọ́dọ̀ mi fún ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Bàbá náà ti kú.

Láìpẹ́ yìí ni mo ní kí wọ́n bá mi da ohùn náà sórí fóònù, mo sì padà lọ. Ọmọ-ọmọ bàbá náà, tí ó ń gun ọ̀kadà, jókòó tì mí, ó fi etí sí ohùn bàbá àgbà rẹ̀. Ó bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Mo mọ méjì. Ẹ̀kẹta, èmi ọ̀mọ̀wé, n kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi rí láìmọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà kan tí ó ń ṣa ẹ̀gẹ́ nítòsí ni ó sọ fún wa pé orúkọ igi kan ni, ó sì nawọ́ sí ibi tí igi náà wà.

Tí bàbá mi bá wà láàyè, ìdáhùn tí n bá fún un nìyí. Ìyá mi kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ohun tí ó bọ́ sí mi létí ni mo mọ̀. Ìyókù wà lẹ́nu àwọn ará oko, a sì ń pàdánù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí àwa tí a fi Yorùbá gba oyè kó ohun tí a gbà sílẹ̀ padà sí Mọ́níyà, Ìyànà-Ọ̀fà, Ẹ̀gbẹ́dá àti Àkànrán, kí ilé-ìwé ibẹ̀ lè máa fi kọ́ ọmọ. Kí a sì tún jókòó níbẹ̀, kí a béèrè ohun tí a kò mọ̀.