Garba: Bí ẹja táwọn iléeṣẹ́ kọ̀ ṣe di oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́ Abidjan, àti ohun tó kù kí abọ́ náà tó pé

Bí ẹ bá bi ọ̀dọ́langba kan ní Yopougon tàbí Adjamé, nílùú Abidjan, pé kí ló jẹ lọ́sàn-án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò fi dá yín lóhùn: garba.

Attiéké, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ooru omi sè, ni garba, pẹ̀lú ẹja tuna díndín, àlùbọ́sà tútù àti ata. Kò wọ́n, ó ń yóni, ó sì ṣòro láti rí àdúgbò tí wọn kì í ti í tà á.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ yìí ní ìtàn. Ìtàn náà sì ní ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó ń ronú lórí bí ọmọ mẹ̀kúnnù yóò ṣe máa jẹ oúnjẹ aṣaralóore láì tú àpò òbí rẹ̀ gbẹ, ì báà jẹ́ ní Abidjan, Cotonou tàbí Ìbàdàn.

Ọmọ ìyá gàrí

Àwọn ará Portugal ló gbé ẹ̀gẹ́ wá sí Áfíríkà láti South America. Ní agbègbè ọ̀sà tó yí Abidjan ká, àwọn ẹ̀yà bíi Ébrié, Adjoukrou àti Alladian sọ ọ́ di tiwọn.

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣe gàrí yóò tètè lóye attiéké. Àwọn obìnrin máa ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ díẹ̀ tó ti kan tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á kù ú, wọ́n á sì rọra gbọ̀n ọ́n títí yóò fi di hóró wẹ́wẹ́.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni ìdí iná. Àwa máa ń yan gàrí nínú agbada. Ní tiwọn, orí ooru omi ni wọ́n ń gbé e sí. Nítorí náà ni attiéké ṣe máa ń rọ̀, tí kì í sì í pẹ́ bíi gàrí.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO fi ìmọ̀ ṣíṣe attiéké ní Côte d'Ivoire sínú àkójọ àwọn àṣà tí gbogbo àgbáyé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Oúnjẹ mẹ̀kúnnù gba oyè lágbàáyé.

Mínísítà tí orúkọ rẹ̀ di oúnjẹ

Ẹja ni apá kejì ìtàn yìí. Lọ́dún 1950, wọ́n la odò Vridi tó so ọ̀sà Abidjan pọ̀ mọ́ òkun, ọkọ̀ ojú omi ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, Abidjan di ọ̀kan lára àwọn èbúté tí wọ́n ti ń já ẹja tuna jù lọ ní Áfíríkà.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń di ẹja sínú agolo ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja náà. Ṣùgbọ́n wọn kì í ra gbogbo rẹ̀. Èyí tó kéré jù tàbí tó fara pa, ọjà ìlú ló ń lọ, ní iye owó tí mẹ̀kúnnù lè san.

Ní àwọn ọdún 1970, nígbà ìjọba Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny, Dicoh Garba ni mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn. Gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn ará Abidjan ń sọ, ó gbárùkù ti títa ẹja olówó pọ́ọ́kú yìí fún ará ìlú, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi orúkọ rẹ̀ pe oúnjẹ náà.

Àwọn ọkùnrin Haúsá láti orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n mọ̀ mọ́ títà rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀dọ́ ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Wọ́n tiẹ̀ fún ibi tí wọ́n ti ń tà á lórúkọ: garbadrome.

Ní Nàìjíríà, oko ni wọ́n kó ọ̀dọ́ lọ

Láàárín àwọn ọdún kan náà, Nàìjíríà gba ọ̀nà mìíràn. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo bẹ̀rẹ̀ ètò Operation Feed the Nation. Wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga síṣẹ́ oko lásìkò ìsinmi, wọ́n sì rọ gbogbo ìdílé láti gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí Ààrẹ Shehu Shagari gorí àlééfà lọ́dún 1979, ètò mìíràn, Green Revolution, ló rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ìjọba ló ń san owó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sóko. Bí ìsinmi bá ti parí, iṣẹ́ parí nìyẹn. Garba kò nílò ìpolówó lórí rédíò. Apẹja, ẹni tó ń dín ẹja àti ẹni tó ń jẹ ẹ́, èrè kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójoojúmọ́. Ohun tó mú un pẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí nǹkan gbówó lórí

Lóṣù Kínní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì. CFA 50 ló ń ra owó franc Faransé kan tẹ́lẹ̀. Ó di 100. Ohun tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Ẹ̀gẹ́ tó hù ní ìtòsí àti ẹja tí àwọn iléeṣẹ́ kò rà wá di ààbò fún ọ̀pọ̀ ìdílé.

Ọdún 2008 tún burú. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ tú síta ní Abidjan nítorí ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ. Ẹ̀mí ṣòfò nínú ìfẹ̀hónúhàn náà kí Ààrẹ Laurent Gbagbo tó kéde àdínkù owó orí lórí àwọn oúnjẹ kòṣeémánìí.

Kí ló kù nínú abọ́ náà?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: oúnjẹ tó ń yóni kò túmọ̀ sí pé ó pé. Attiéké ń fúnni lágbára, ẹja sì ń mú ara dàgbà. Àmọ́ ẹ̀fọ́ inú garba kì í ju àlùbọ́sà àti ata lọ, nígbà mìíràn tòmátò díẹ̀. Òróró pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn kan sì máa ń fi òróró kan náà dín ẹja léraléra. Mágì tí wọ́n ń rún sí i tún ń fi kún iyọ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó gíráàmù 400 ó kéré tán lóòjọ́, kí iyọ̀ rẹ̀ má sì tó gíráàmù márùn-ún. Ẹni tó bá ń fi garba nìkan gbé ọ̀sán láti kékeré kò lè tètè dé ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè máa dúró dè é lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò ní Abidjan, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Anàgó. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ló ń jẹ ọbẹ̀ ilé lálẹ́, tó ń jẹ garba lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó lè tún abọ́ náà ṣe kò sí lókè òkun. Kplala tí wọ́n ń tà lọ́jà Abidjan, ewédú wa náà ni. Ewé ọ̀dùnkún, ilá àti ìgbá wà níbẹ̀. Lọ́jà àwọn obìnrin Gouro ní Adjamé, oúnjẹ láti oko ń wọlé lójoojúmọ́.

Agbára ọ̀dọ́ wà lọ́wọ́ tó ń sanwó

Nínú àwọn ilé oúnjẹ tó wà nílé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Côte d'Ivoire, CFA 25 ni ọmọ máa ń san lórí abọ́ kan. Ètò yẹn fi hàn pé ọmọdé lè jẹun gidi lówó pọ́ọ́kú bí àwọn àgbàlagbà bá gbé lára ẹrù náà. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ètò náà dá lé. Ojú pópó ni ọ̀dọ́langba ti ń jẹun.

Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ polongo oúnjẹ aṣaralóore ní àdúgbò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù pé kí ẹ má jẹ garba mọ́. Ebi kì í wọnú, kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á: kí ó fi kùkúńbà àti tòmátò kún un, kí ó dín mágì kù, kí ó sì máa pààrọ̀ òróró.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá béèrè bẹ́ẹ̀, ọlọ́jà lè fi í rẹ́rìn-ín. Bí ogún bá ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́, ọlọ́jà yóò wá tòmátò lọ sí Adjamé. Àwọn ọ̀dọ́ tó sọ ẹja tí ẹnikẹ́ni kò kà sí di oúnjẹ gbogbo ìlú lè fi ewé díẹ̀ kún un.