Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Ìtàn Òǹkà Ńlá Kan

Abala 55 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gba àwọn aṣòfin tí ń jókòó ní Àbújá láàyè láti fi Yorùbá, Haúsá tàbí Ìgbò ṣe iṣẹ́ wọn, bí ètò tí ó yẹ bá ti wà. Iwájú wọn ni a ti ń ka ètò ìṣúná, tí iye rẹ̀ lé ní tirílíọ̀nù mẹ́rìnléláàádọ́ta náírà ní ọdún 2025. Àwọn kan a máa rò pé Yorùbá kò ní orúkọ fún irú iye bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó ẹyọ ti kọ́ Yorùbá ní òǹkà ńlá tipẹ́.

Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni ọ̀pọ̀ owó ẹyọ ti kọ́kọ́ wá. Yorùbá lù wọ́n nihò, wọ́n sì sín wọn: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá sì kún àpò kan, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́ (20,000). Ẹrù tí a ń dì ni ó di orúkọ iye. Àádọ́ta irú àpò bẹ́ẹ̀ ni mílíọ̀nù kan, okùn 25,000 gbáko!

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tí ó gbé ní Ìjàyè, kọ̀wé lórí òǹkà yìí ní 1887. Ó ṣàpèjúwe bí ẹni tí ń kawó ti ń kúnlẹ̀ ti òkìtì ẹyọ, tí ó ń fà á ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi pé ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì ni yóò gbá jọ di igba. Igba yìí ni ìpìlẹ̀: ẹgbẹ̀ta ni igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún ni igba márùn-ún, ẹgbàá ni igba mẹ́wàá.

Àádọ́ta fúnra rẹ̀ tún ní àdììtú tirẹ̀. Ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta ni, ọgọ́ta sì ni ogún mẹ́ta. Nítorí náà ìyọkúrò fara pamọ́ sínú iye tí ó dà bí ẹni pé ó gún régé:

(20 × 3 − 10) × 20,000 = 1,000,000.

Òyìnbó fi ẹ̀wá mẹ́fà sọ ara wọn di púpọ̀ kí ó tó débẹ̀. Ogún àti igba ni Yorùbá gbà, wọ́n sì pàdé. Ìdí rẹ̀ ni pé èjì àti àrún nìkan ni ó para pọ̀ di ọ̀kẹ́: èjì márùn-ún, àrún mẹ́rin. Àádọ́ta mú èjì kan àti àrún méjì wá, ìkọ̀ọ̀kan sì di mẹ́fà. Èjì kan àti àrún kan ló ń bí ẹ̀wá. Ẹ̀wá mẹ́fà ni a rí yẹn.

Iye ọ̀kẹ́ kò yí padà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lọ́jà yí padà. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣòwò Jámánì ti ń kó ẹyọ Zanzibar, tí ó tóbi tí kò sì wọ́n, wá sí Èkó. Ọjà kún, owó ẹyọ sì ṣubú. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, ẹgbàá kò ju nǹkan bíi sísì kan lọ, ọ̀kẹ́ di ṣílè márùn-ún, àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì di pọ́n-ùn méjìlá àti ṣílè mẹ́wàá. Bí a bá fi ìṣirò ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 wò ó, nígbà tí ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni.

Tirílíọ̀nù ńkọ́? Àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni. Bílíọ̀nù ni àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Orúkọ wọn gùn díẹ̀ lẹ́nu aṣòfin, ṣùgbọ́n wọn kò gùn ju bí iye náà ti tóbi tó lọ.